Ta Ló Ń Gbé Kọ́kọ́rọ́ Náà? Ìfiwéra Fáíbà, Sátẹ́láìtì àti Ìṣirò Tuntun fún Àṣírí Ọ̀nà Jíjìn

Ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni ìròyìn jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, pé sátẹ́láìtì kékeré kan tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní Jinan-1 ti pín kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, ìyẹn òǹkà àṣírí tí kọ̀ǹpútà fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, fún Beijing àti Stellenbosch ní Gúúsù Áfíríkà. Ìlú méjèèjì jìnnà síra ní 12,900 kìlómítà. Láti ìgbà náà ni àwọn tó mọ̀ pé mo máa ń ka irú nǹkan báyìí ti ń bi mí pé: ṣé fáíbà, okùn gíláàsì tín-ín-rín tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, ti di ohun àtijọ́ nìyẹn? Ṣé kí báǹkì tàbí ìjọba tó ní àṣírí lọ máa wá sátẹ́láìtì? Ìdáhùn mi kì í sábà tẹ́ wọn lọ́rùn, nítorí ìbéèrè ni mo fi ń dá wọn lóhùn: ta lẹ gbà kó mọ kọ́kọ́rọ́ yín lójú ọ̀nà? Ọ̀rọ̀ ibi tí ó lè jìnnà dé kọ́ ló ya àwọn ọ̀nà wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹni tó wà láàárín ni.

Ẹ rántí àrokò. Bí ẹnìkan bá so owó ẹyọ mẹ́fà sórí okùn tó sì fi rán ìránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ẹni tó rí ẹ̀fà á mọ̀ pé ọkàn ẹni yẹn ń fà sí òun. Ìránṣẹ́ ní tiẹ̀ lè máà mọ ohun tó ń gbé. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíì bá dá a dúró lọ́nà, tó tú ẹrù náà wò, tó sì dì í padà, kò sí ohun tí yóò fi han olólùfẹ́ náà pé ojú àjèjì ti kan an. Ohun tí àwọn onímọ̀ Charles Bennett àti Gilles Brassard gbé kalẹ̀ ní 1984, tí gbogbo ayé mọ̀ sí BB84, ni àrokò tó máa ń tú ara rẹ̀ fó bí wọ́n bá yọjú wò ó. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fótọ́ọ̀nù, ló ń gbé 0 tàbí 1, ohun tí à ń pè ní bíìtì kan. Àwọn onímọ̀ físíìsì Wootters àti Zurek ti fi hàn ní 1982 pé kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe ẹ̀dà ipò kúántọ̀mù, ìyẹn ipò ohun tó kéré jọjọ bíi fótọ́ọ̀nù, tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wò ó lójú ọ̀nà yóò dà á rú, àṣìṣe yóò pọ̀ sí i, àwọn méjì tó ń pín kọ́kọ́rọ́ yóò rí i, wọn yóò sì da èyí tí wọ́n ti kó jọ nù.

Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni fótọ́ọ̀nù ń gbé o. Lẹ́tà, owó, fídíò, gbogbo ìyẹn ṣì ń gba íntánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo wa ń lò, lẹ́yìn tí a bá ti fi kọ́kọ́rọ́ náà tì wọ́n.

Ibi tí agbára rẹ̀ wà gan-an ni ìyà rẹ̀ wà. Ohun tí kò ṣeé dà kọ kò ṣeé fún lágbára sí i lọ́nà. Òfin kan yìí ló bí gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀.

Fáíbà: kò ní àbùkù nínú ìlú, ó ń ráre lójú ọ̀nà jíjìn

Nínú fáíbà tó dára, bí ẹ bá rán fótọ́ọ̀nù 100, ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò dé kìlómítà 100. Ní kìlómítà 200, ó di ẹyọ kan nínú 10,000. Ní kìlómítà 1,000, ẹ kọ 1, kí ẹ sì to òdo 20 sẹ́yìn rẹ̀: ẹyọ kan nínú iye yẹn ni yóò dé. Ká ní ẹ ní ẹ̀rọ tó ń rán fótọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó dúró fún nǹkan bí ọdún 317 kí ẹ tó rí ẹyọ kan.

Okùn MainOne tó ti Èkó lọ sí Seixal ní Pọ́túgàl gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà, ó sì ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wa láìráhùn, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ wà lábẹ́ òkun tó ń fún ìmọ́lẹ̀ náà lágbára ní ìpele-ìpele. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló máa pa fótọ́ọ̀nù kúántọ̀mù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun yóò fi okùn abẹ́ òkun tó wà nílẹ̀ yìí gbé kọ́kọ́rọ́ kúántọ̀mù láti Èkó dé Yúróòpù, ẹ dìde kí ẹ máa lọ.

Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n ń lò ni ibùdó ìfọkàntán. Bí kọ́kọ́rọ́ bá rìn dé ibùdó kan, wọn á ṣí i níbẹ̀, wọn á fi òmíràn tì í, á sì tún gbéra. Ọ̀nà Beijing sí Shanghai tí wọ́n ṣí ní 2017 gùn tó 2,000 kìlómítà, ibùdó bẹ́ẹ̀ 32 ló sì wà lórí rẹ̀. Ìjọba kan ṣoṣo ló ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n ibùdó 32 túmọ̀ sí ilẹ̀kùn 32, ẹ̀ṣọ́ 32, àti ibi 32 tí kọ́kọ́rọ́ ti ń wà ní ìhòòhò fún ìgbà díẹ̀. Bí ọ̀nà yín bá gba orílẹ̀-èdè mẹ́ta kọjá, ẹ béèrè ẹni tó ń sanwó fún ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan.

Nínú ìlú kan, tàbí láàárín ìlú méjì tí kò jìnnà síra, n kò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa lọ wá nǹkan mìíràn. Fáíbà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, òjò ò kàn án, àwọn tó mọ bí a ṣe ń tún un ṣe sì wà káàkiri.

Sátẹ́láìtì tó ń ru kọ́kọ́rọ́

Afẹ́fẹ́ tó ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ kò ju bíi kìlómítà 10 lọ bí a bá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Lókè ìyẹn, òfìfo ni. Òfìfo kì í jẹ ìmọ́lẹ̀. Ohun tó kàn ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìtànṣán lésà á máa fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Nínú fáíbà, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, 1 nínú 100 ń di 1 nínú 10,000. Lójú òfìfo, bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kù. Ẹni tó bá ti fi ìṣirò kan yìí sọ́kàn ti mọ ìdí tí Ṣáínà fi fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé iṣẹ́ náà lọ sókè.

Ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2016 ni wọ́n ti Jiuquan ní Ṣáínà gbé sátẹ́láìtì Micius lọ sí òkè, sí ibi tó ga tó 500 kìlómítà. Ó wúwo ju 600 kílò lọ. Pan Jianwei ti yunifásítì USTC ní Hefei ló ṣe olórí iṣẹ́ náà. Orúkọ Mozi, tí àwọn Òyìnbó ń kọ ní Micius, ni wọ́n fún un, ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kan tí wọ́n kà sí ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé pé ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn tààrà ni. Nígbà tí ìtànṣán rẹ̀ bá rin 1,200 kìlómítà, ó ti fẹ̀ tó mítà 12, bẹ́ẹ̀ ojú ẹ̀rọ tó ń gbà á ní Xinglong, nítòsí Beijing, kò ju mítà kan lọ. Èyí tó pọ̀ jù ń ṣubú sórí koríko. Síbẹ̀ èyí tó wọlé tó láti ṣe kọ́kọ́rọ́ tó tó ẹgbẹ̀rún bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Beijing pe Vienna lórí fídíò, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tí Micius pín ti ọ̀rọ̀ náà. Anton Zeilinger, ẹni tó kọ́ Pan Jianwei nígbà tó ń ṣe ìwé-ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé, ló wà ní ìhà Vienna. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi àwòrán méjì ránṣẹ́ síra wọn, ti Mozi láti Beijing, ti Schrödinger, onímọ̀ físíìsì ará Ọ́sítríà, láti Vienna, ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi kílóbáìtì 5. Ẹ má fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Bíìtì kọ́kọ́rọ́ kan fún bíìtì àwòrán kan ni wọ́n lò, irú títì tí kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣí i láéláé. Fídíò tí wọ́n fi wákàtí kan ààbọ̀ dín díẹ̀ ṣe kò ṣeé tì bẹ́ẹ̀. AES, ìlànà títì tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò, ni wọ́n fi tì í, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan.

Báwo ni kọ́kọ́rọ́ ṣe dé ìhà méjèèjì? Ibí yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ rajà dúró sí. Nígbà tí Micius kọjá lórí Graz ní Ọ́sítríà, ó bá wọn ṣe kọ́kọ́rọ́ kan. Nígbà tó kọjá lórí Xinglong, ó bá wọn ṣe òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ro méjèèjì pọ̀, ó sì kéde àpapọ̀ wọn ní gbangba. Ẹni tó ní ọ̀kan lọ́wọ́ lè ti ibẹ̀ mọ èkejì. Ẹni tí kò ní ìkankan kò lè rí nǹkan kan mú. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ mọ méjèèjì. Ìránṣẹ́ mọ àrokò. Ibùdó ìfọkàntán náà ni, ọ̀kan ṣoṣo dípò 32, ní ibi tí olè ò lè gun àkàbà dé. Ẹni tó ni ín kò nílò àkàbà.

Jinan-1 tí wọ́n rán lókè ní oṣù keje 2022 ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní eré àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Ẹrù kúántọ̀mù tó gbé wúwo tó nǹkan bí kílò 23, ibùdó ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ bíi 100 kílò, ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lè gbé. Lójú ọ̀run Stellenbosch tó mọ́ kedere tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì kéré, ó rí kọ́kọ́rọ́ tó lé ní mílíọ̀nù bíìtì kan, 1.07 mílíọ̀nù, nígbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká wò ó bíi ọlọ́jà. Mílíọ̀nù bíìtì kan lé díẹ̀ yìí jẹ́ bíi kílóbáìtì 134. Bí ẹ bá fẹ́ fi tì bíi ti àwòrán Mozi, kò tó fọ́tò kan láti inú fóònù yín. Bí ẹ bá pín in sí kọ́kọ́rọ́ AES oníbíìtì 256, ó tó 4,000 lé ní ọgọ́rùn-ún kan. Fún báǹkì tó ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní wákàtí wákàtí, ìyẹn tó bíi oṣù márùn-ún àtààbọ̀.

Ìṣòro rẹ̀ ò ní àṣírí. Ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ni ó máa ń lò lókè orí yín kó tó kọjá. Òru ni wọ́n ń lò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á bo fótọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀. Ìkùukùu ò sì gbẹ̀bẹ̀: bó bá bo ojú ọ̀run, ó tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó bá ń ronú ibùdó ilẹ̀ ní Èkó tàbí Cotonou gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka iye òru tí òun lè rí ìràwọ̀ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹwàá, kó tún wá ka ti ìgbà ọyẹ́ tí eruku bá gba òfurufú. Kí ó kà á kó tó béèrè iye owó ẹ̀rọ.

Àwọn kan ń rán fótọ́ọ̀nù láti ilẹ̀ lọ sókè dípò láti òkè wá sílẹ̀. Micius gbà á bẹ́ẹ̀ láti Ngari ní Tibet, títí dé 1,400 kìlómítà, Kánádà náà sì yan ọ̀nà yẹn fún sátẹ́láìtì rẹ̀, QEYSSat. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣe fótọ́ọ̀nù wà nílẹ̀, ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkígbà. Àléébù rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ń gbọn ìtànṣán náà jìgìjìgì níbẹ̀rẹ̀ ìrìn, ó sì ti yà bàrá kó tó jìnnà. Fún ìwádìí, ó dáa. Fún iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó wá láti òkè.

Sátẹ́láìtì tó ń rán ìbejì

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, òun náà ló sì jìnnà sí ọjà jù. Onímọ̀ físíìsì Artur Ekert dámọ̀ràn ní 1991 pé ká lo fótọ́ọ̀nù méjì tí a bí pọ̀, tí ohun tí a bá wọ̀n lára Táyé máa ń bá ohun tí a bá wọ̀n lára Kẹ́hìndé mu lọ́nà tí kò sí àdéhùn tẹ́lẹ̀ kankan tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Sátẹ́láìtì á rán ọ̀kan sí ọ̀tún, á rán èkejì sí òsì. Kò mọ kọ́kọ́rọ́ tí ẹ máa rí, nítorí kọ́kọ́rọ́ náà kò tíì sí nígbà tó ń rán wọn. Kódà bó bá jẹ́ ọ̀tá yín ló kọ́ sátẹ́láìtì náà, ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nílẹ̀ bóyá ìbejì gidi ló ń rán. Àrokò tí ìránṣẹ́ ò lè mọ̀ nìyẹn lóòótọ́.

Ní 2017, Micius rán ìbejì sí Delingha àti Lijiang ní Ṣáínà tí 1,203 kìlómítà wà láàárín wọn. Ó ń bí mílíọ̀nù 5.9 ìbejì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó dé ilé pé méjì-méjì? Bíi ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Ní 2020, wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ láàárín Delingha àti Nanshan, 1,120 kìlómítà: 0.12 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá. Kí ẹ tó rí kọ́kọ́rọ́ AES oníbíìtì 256 kan ṣoṣo, ẹ nílò ìṣẹ́jú 36 tí sátẹ́láìtì fi ń tàn sí ibùdó méjèèjì. Bó bá ń kọjá fún ìṣẹ́jú márùn-ún lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ kan gbáko nìyẹn, pẹ̀lú àdúrà kí òjò má rọ̀ ní ibì kankan nínú méjèèjì.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé fáíbà ti ń lé e bá níbí. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń pè ní twin-field, tí àwọn onímọ̀ Toshiba ní Cambridge gbé jáde ní 2018. Ìhà méjèèjì ń rán ìmọ́lẹ̀ wá pàdé láàárín, ẹ̀rọ àárín kàn ń wọ̀n wọ́n ni, kò mọ kọ́kọ́rọ́. Ẹgbẹ́ Pan fi í dé 1,002 kìlómítà ní 2023, pẹ̀lú 0.0034 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá. Ó jọ ohun ẹ̀sín, àbí? Ṣùgbọ́n fáíbà kì í sùn. Ní ọjọ́ kan, ìyẹn jẹ́ bíi 294 bíìtì, nígbà tí ìbejì Micius á rí bíi 36 ní ìṣẹ́jú márùn-ún rẹ̀. Mo mọ̀ pé fáíbà àkànṣe nínú yàrá ìwádìí ni wọ́n lò, kì í ṣe èyí tó wà lábẹ́ títì. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà sátẹ́láìtì nìkan ló lè ṣe é láìfọkàn tán ẹni àárín ò tíì ka ìròyìn tuntun.

Ní ti ẹ̀rọ tó lè fi fótọ́ọ̀nù pa mọ́ kó sì tún un rán lójú ọ̀nà láìwò ó, ìwádìí ṣì ni. Ní 2024 wọ́n so ìrántí kúántọ̀mù méjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ipò fótọ́ọ̀nù, pọ̀ ní Boston lórí fáíbà 35 kìlómítà. Ẹ máa wò ó. Ẹ má tíì fi í sínú ètò ìnáwó.

Ìṣirò tuntun, tí kò nílò fótọ́ọ̀nù rárá

Ìdí tí gbogbo èyí fi di kánjúkánjú ni Peter Shor, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, tó fi hàn ní 1994 pé kọ̀ǹpútà kúántọ̀mù tó bá tóbi tó lè ṣí títì tí a ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ń kó ọ̀rọ̀ títì yín jọ lónìí lè dúró de kọ̀ǹpútà yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí kò ní rọ́kẹ́ẹ̀tì nínú: ìṣirò mìíràn tí ọgbọ́n Shor kò ràn. NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà mẹ́ta irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ jáde ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n sì ń wọlé sínú ẹ̀rọ yín bí ìmúdójúìwọ̀n lásán. Èkó sí Pọ́túgàl, Èkó sí Bahia ní Bùràsíìlì, ìjìnnà ò já mọ́ nǹkan kan.

NSA ti Amẹ́ríkà àti NCSC ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, ti sọ ọ́ ní gbangba pé ìṣirò tuntun yìí ni àwọn fara mọ́, pé àwọn ò dámọ̀ràn kọ́kọ́rọ́ kúántọ̀mù fún iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀kan lára ìdí wọn ṣòro láti jà ní iyàn: BB84 kò lè sọ fún yín pé ẹni tí ẹ ń bá pín kọ́kọ́rọ́ ni ẹ rò pé ó jẹ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà mìíràn láti dá a mọ̀, ìṣirò ni yóò sì sábà jẹ́.

N kò gbà pẹ̀lú wọn tán. Ìṣirò kì í ṣe òfin ẹ̀dá. SIKE, ọ̀kan lára àwọn ìṣirò tuntun tó dé ìpele kẹrin ìdíje tí NIST fi ń yan ìlànà, fọ́ yángá ní 2022: àwọn onímọ̀ méjì láti Leuven ní Bẹ́ljíọ̀mù fi kọ̀ǹpútà lásán ṣí i láàárín nǹkan bí wákàtí kan. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lójú àwọn ọ̀mọ̀wé kó tó ṣubú. Ẹ̀rọ kúántọ̀mù náà ti ṣubú rí o: ní 2010 ẹgbẹ́ Vadim Makarov ní Nọ́wè fi iná lésà tó mọ́lẹ̀ jù fọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba fótọ́ọ̀nù, wọ́n sì ka kọ́kọ́rọ́ láìfi àmì sílẹ̀. Òfin ẹ̀dá ò yẹ̀; ẹ̀rọ tí ọmọ èèyàn kọ́ ló yẹ̀.

Bí mo ṣe máa yàn

Ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, tí àṣírí rẹ̀ kò ní já mọ́ nǹkan kan lẹ́yìn ọdún márùn-ún: ìṣirò tuntun, kí ó sì ṣe é lọ́dún yìí. Kò nílò nǹkan mìíràn.

Ilé iṣẹ́ ìjọba mẹ́rin nínú ìlú kan, tí ìwé wọn gbọ́dọ̀ wà ní ìkọ̀kọ̀ fún ìran kan: fáíbà kúántọ̀mù, kí ìṣirò tuntun wà lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá fọ́, èkejì á ṣì dúró.

Orílẹ̀-èdè tó ní ilé aṣojú sí òkèèrè, tó sì ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ tàbí tó lè ní i: sátẹ́láìtì tó ń ru kọ́kọ́rọ́, irú Jinan-1. Mo ní tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ti ẹlòmíì ni, ẹ ti yá ìránṣẹ́ tó ń jẹun nílé ọba kejì, ẹ sì jẹ́ ká pè é ní orúkọ yẹn nígbà tí a bá ń jíròrò iye owó rẹ̀.

Yunifásítì tó fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ níṣẹ́: ibùdó ilẹ̀, bí Stellenbosch ṣe ṣe. Tẹ́lískóòpù, ẹ̀rọ tó ń gba fótọ́ọ̀nù, àti àdéhùn pẹ̀lú ẹni tó ní sátẹ́láìtì. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá rí kì í ṣe èrè ibẹ̀, àwọn ọmọ tó mọ bí a ṣe ń tọ́ ẹ̀rọ sí ohun tó ń sáré kìlómítà méje lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lókè ọ̀run ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì wá ta èyíkéyìí fún yín, ẹ ní kó ya àwòrán ọ̀nà náà sórí bébà, kó sì fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti máa ń wà láìtì. Lẹ́yìn náà kó kọ orúkọ ẹni tó ni ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan.